Ère Amọ̀ Bàbá Kìnnìún

Bí ẹ bá wọ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, tí ẹ rí kìnnìún méjì lórí òpó géètì, tí etí wọn pé, tí ìrù wọn pé, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì lẹ imú wọn padà, bàbá mi ló ṣe wọ́n. Adédìran lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti Festac títí dé Mazamaza, Bàbá Kìnnìún ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó ń bójú tó àwọn bíríkìlà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ ilé kankan. Kìnnìún tó ń ṣe láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń sọ. "Kò sí èyí tí etí rẹ̀ já rí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, yóò sì dúró kí o yìn ín. Bí o kò bá yìn ín, yóò tún un sọ.

Èmi ni Tẹjúmádé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Inú fúláàtì ìsàlẹ̀ tí wọ́n bí mi sí ní Festac ni èmi àti òun ṣì ń gbé. Kí n má purọ́, mi ò fẹ́ràn àwọn kìnnìún yẹn. Wọ́n máa ń wò mí bí olùkọ́ tó mọ̀ pé mi ò ṣe iṣẹ́ àmúrelé.

Juliana, ìyá mi, kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kó tó kú, ó di ọwọ́ Dádì mú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Dádì Tẹjú, ẹ má da símẹ́ńtì lé mi lórí o. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rí bí ilẹ̀, kí ẹ gbin òdòdó sí i." Dádì ní òun ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó símẹ́ńtì àti irin lọ sí àgbàlá ilé wa ní Ìpẹ́rù, níbi tí a sin ín sí, ó da kọnkéré sórí sàréè náà, ó lẹ táìlì sí i, ó sì gbé kìnnìún kékeré kan sí ibi orí. Gbogbo ẹbí ní iṣẹ́ náà dára. Èmi gan-an ló ń bu omi fún àwọn tó ń po símẹ́ńtì. Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, a ò sì sọ ọ́ rí títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí ọ̀rọ̀ ère àwọn ará Íńdíà wáyé.

Ọ́fíìsì àwọn ará Íńdíà kan ní Amúwo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi, Ánáńdì, ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọdún Gánéṣà fún àwọn ẹbí Híńdù àgbègbè wa. Gánéṣà ni òrìṣà wọn tó ní orí erin. Ikùn rẹ̀ yọ síta, ó sì máa ń jókòó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ṣe ọdún náà. Wọ́n á pa àgọ́ sí pápá kan, wọ́n á gbé ère sórí pèpéle, wọ́n á máa kọrin fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àwọn ọlọ́jà á sì pàtẹ yí i ká: ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń dán, aṣọ olówùú wúrà, jáńgílófà àwọn ọmọdé, oúnjẹ dídín tí ata rẹ̀ ń fa omi lójú. Ìdajì Festac ló máa ń lọ síbẹ̀ lọ jẹun. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ń lọ, wọn kì í kàn fi í jẹ́rìí ni.

Íńdíà ni ère náà ti máa ń wá lọ́dọọdún. Lọ́dún tó kọjá, kọ́ńténà tó gbé e kò tíì jáde ní Àpápá, ọdún sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ìyá ọ̀gá mi, Mọ́mì Sulóṣánà, ló béèrè ní ọ́fíìsì pé ta ló ṣe kìnnìún tó wà ní géètì aládùúgbò àwọn. Èmi tí ẹnu mi kì í dúró sójú kan ni mo sọ pé bàbá mi ni.

Obìnrin kúkúrú ni Mọ́mì Sulóṣánà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Oṣù Kejì ọdún yẹn ni ọkọ rẹ̀ kú. Ọkọ yẹn ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ère kékeré kan fún inú ilé wọn lọ́dọọdún. Ó wá sí fúláàtì wa fúnra rẹ̀, ó fi àwòrán han Dádì lórí fóònù, ó sì ní, "Amọ̀ nìkan o, Bàbá Kìnnìún. Ẹ má fi nǹkan mìíràn sí i." Dádì mi orí. Ó rò pé bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń ṣe é ni wọ́n fẹ́. Mọ́mì Sulóṣánà kò sọ ìdí rẹ̀, torí ó rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti rí ìparí ọdún náà lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ronú kàn án rárá.

Dádì wa amọ̀ láti etí odò tó wà lẹ́yìn Festac, ó ṣa òkúta inú rẹ̀, ó pò ó, ó sì mọ ère náà ní bákónì ẹ̀yìn. Ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Ojú rẹ̀ dára débi pé èmi tí mi ò fẹ́ràn kìnnìún lọ jókòó tì í láti jẹ búrẹ́dì mi. Ṣùgbọ́n òjò kò jẹ́ kó gbẹ. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, Dádì tan fáànù méjì sí i. Ọjọ́ kejì, ó ti bákónì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Nígbà tó ṣí i padà, ère náà ti gba ọ̀dà, ó ń dán, wúrà wà ní adé rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ó kàn fẹ́ yà mí lẹ́nu ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọdún, wọ́n gbé ère náà sórí pèpéle, wọ́n sì kó òdòdó sí i lọ́rùn. Àlùfáà wọn gbàdúrà lé e lórí pé kí òrìṣà náà wá jókòó sínú rẹ̀ bí àlejò. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án lásán títí ọdún yóò fi parí. Àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò, wọ́n ń bọ Dádì lọ́wọ́. Ó wọ aṣọ àǹkárá rẹ̀ tó dára jù, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé kò sí kìnnìún òun tí etí rẹ̀ já rí.

Mọ́mì Sulóṣánà bu àdídùn kan fún un lórí ewé. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe é, àgbọn àti ṣúgà sì wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Kìnnìún, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹwàá, a ó gbé e lọ sínú omi, yóò yọ́, yóò padà di amọ̀, yóò sì lọ sílé rẹ̀. Bó bá ń lọ, á kó gbogbo ìbànújẹ́ inú ilé mọ́ ẹrù rẹ̀, á gbé e lọ. Ẹrù tèmi pọ̀ lọ́dún yìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka ọjọ́."

Dádì ní, "Yóò yọ́, Màdáàmù?"

"Pátápátá. Mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ rẹ̀ kan lọ sílé. Ìdí tí mo fi ní amọ̀ nìkan nìyẹn."

Àdídùn náà bọ́ lọ́wọ́ Dádì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wá a nílẹ̀ bí ẹni tó sọ òrùka nù, ó sì pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

Nínú mọ́tò, ó ń fi etí aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tẹjú, dúró ná. Páàkì síbí." Mo dúró. Ó ń wo iwájú. "Símẹ́ńtì wà lára ẹ̀."

"Lára kí ni?"

"Lára òrìṣà wọn. Ó sán. Láti ọwọ́jà ẹ̀, imú erin gígùn yẹn, títí dé àyà. Ṣé kí n wá gbé nǹkan tó sán fún wọn? Mo bá po símẹ́ńtì, mo fi ra á lára yí ká, títí dé ìdí. Ó nípọn tó bisikíìtì. Mo tún wá po oògùn yẹn mọ́ ọn."

"Oògùn wo, Dádì?"

"Èyí tí a máa ń fi sí táńkì. Tí kì í jẹ́ kí omi wọlé."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. Mi ò rí i kí ẹnu bàbá mi máa gbọ̀n rí, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá mi jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá korobá omi méjì ní bákónì. Amọ̀ lásán ló jù sínú ọ̀kan. Èyí tó jù sínú ìkejì jẹ́ amọ̀ tó ti fi símẹ́ńtì àti oògùn rẹ̀ yẹn ra lára, ó kù nínú èyí tó fi dán iṣẹ́ wò nígbà tó ń ṣe ère. Ó fa àga, ó jókòó tì wọ́n. Kó tó di ọ̀sán, amọ̀ lásán ti di ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ korobá. Èkejì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Lọ́jọ́ kẹta ó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Dádì yọ ọ́, ó fi èékánná ha á, ó sì dá a padà.

"Ó tún wá le sí i," ó ní. "Símẹ́ńtì tó bá wà nínú omi ló máa ń le. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi sọ fún bíríkìlà pé kí wọ́n bomi rin kọnkéré?"

Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí mo bá sè é, á tú u wò, á ní òun ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á wọ bàtà, á lọ sí ìpàtẹ, á dúró sẹ́yìn àwọn tó ń kọrin, á máa wo ère náà bóyá ó ti sán níbì kan. Ó ń gbàdúrà kó sán! Bàbá Kìnnìún tó ń fi etí kìnnìún yangàn, òun ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí iṣẹ́ ọwọ́ òun bàjẹ́. Ère náà kò sán. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Bọ̀dá Clement, tó jẹ́ aṣojú ẹ̀ka wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, wá kí wa. Ó jókòó, ó ní kí n má wulẹ̀ wá omi, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ń lọ dúró níwájú òrìṣà. Ẹ̀ ń wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ ò ní ṣẹ́jú."

"Iṣẹ́ mi ni mò ń lọ wò."

"Wọ́n ní ẹ tiẹ̀ ń gbàdúrà."

"Mò ń gbàdúrà. Ọlọ́run tèmi ni mò ń gbà á sí." Dádì wò ó. "Clement, ta ló rí mi níbẹ̀?"

Bọ̀dá Clement dìde. Mo ti rí òun náà ní Tuesday, tó mú abọ́ ànàmọ́ dídín lọ́wọ́, epo ń dán létè rẹ̀. Ó ní òun á máa rántí wa nínú àdúrà, ó sì lọ. Ní ọjọ́ mìíràn, Dádì ìbá ti fi rẹ́rìn-ín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ náà, bákónì ló padà sí.

Ohun kan ló ń fún un ní ìmí díẹ̀. Odò ẹ̀yìn Festac ni wọ́n máa ń gbé ère lọ. Omi yẹn dúdú, ó jìn láàárín, wọn á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e débẹ̀, wọn á rọra jù ú sílẹ̀. Yálà ó yọ́, yálà kò yọ́, ta ni yóò rí i? Mọ́mì Sulóṣánà á bu amọ̀ etí odò, á gbé e lọ sílé, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Dádì sọ èyí fún mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, ó ń wo ojú mi bóyá mo gbà. Mo ní mo gbà. Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó jẹun.

Lọ́jọ́ keje, ọ̀gá mi pè mí ní ọ́fíìsì. Òjò ti ba ọ̀nà etí odò jẹ́, ewéko sì ti bo ojú omi débi pé ọkọ̀ kò lè kọjá. Wọ́n ti pinnu pé inú pápá níbẹ̀ ni wọn yóò ti ṣe é. Wọ́n á pọn omi sínú táńkì ńlá tí ẹnu rẹ̀ ṣí, wọ́n á gbé ère sínú rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn, bó bá sì ti yọ́ tán, oníkálukú á bu amọ̀ náà lọ sí ìdí òdòdó ilé rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìyá òun ti ní kí wọ́n gbé àga òun sún mọ́ táńkì, òun fẹ́ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mi ò mọ bí mo ṣe wakọ̀ délé. Mo bá Dádì lórí àga rẹ̀ nídìí korobá, mo sì sọ fún un.

Ó ki ọwọ́ bọ korobá àkọ́kọ́, ó ro ẹrẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màá lọ sí Ìpẹ́rù lọ́la."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?"

"Wàá sọ fún wọn pé ara mi ò yá. Tó bá di Sunday lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é tán, màá padà. Wọ́n lè rò pé bí amọ̀ Nàìjíríà ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ara mi gbóná lọ́gán. Mo ti fi ọjọ́ méje bẹ̀rù pẹ̀lú rẹ̀, mo sè, mo kó oúnjẹ dànù, mo parọ́ ní ọ́fíìsì, òun wá fẹ́ sálọ. "Obìnrin yẹn máa jókòó síwájú táńkì, Dádì! Ó máa máa wo ìbànújẹ́ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò lọ! Ó bẹ̀ yín. Ó ní amọ̀ nìkan. Ẹni tó bá bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi símẹ́ńtì sí nǹkan, òun gan-an lẹ máa ń fi í sí fún. Ohun tẹ́ ẹ ṣe fún Mọ́mì mi náà nìyẹn!"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Nínú ilé wa, a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sójú bàbá ẹni.

Dádì kò bínú. Ìbá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí símẹ́ńtì ti jẹ láti ọdún pípẹ́. "Mo gbọ́ ohun tí màmá ẹ sọ," ó ní. "Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo kàn ń rò ó pé òjò á máa pa á."

Ẹkún gbọ̀n mí. Ó jẹ́ kí n sunkún. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sínú korobá kejì, ó yọ amọ̀ olójú símẹ́ńtì yẹn, ó sì là á mọ́ etí bákónì. Ó là sí méjì. Inú rẹ̀ gbẹ, ó funfun, ó ń kù bí ìyẹ̀fun. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò nínú omi, omi kò dé inú rẹ̀. Dádì gbé ìlàjì kan síwájú ojú rẹ̀, ó wò ó títí.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án ni a lọ bá Mọ́mì Sulóṣánà nílé rẹ̀. Dádì kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀, gbogbo àyà ló fi kan ilẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́: fáànù méjì, ibi tó sán, símẹ́ńtì, àti oògùn táńkì pàápàá. Mọ́mì Sulóṣánà ní kó dìde. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì bú wa.

"Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?" ló bi í.

"Mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Ó wo ògiri, ibi tí àwòrán ọkọ rẹ̀ wà tòun ti òdòdó lọ́rùn. "Tí ọkọ mi bá mọ tirẹ̀ tán, ó máa ń ní ẹsẹ̀ kan tó wọ́, tàbí etí kan tó kéré ju èkejì lọ. Ó máa ń ní kò burú, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni yóò lò." Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. "Lọ́la, lẹ́yìn àdúrà ìkẹyìn, a ó ti ère náà díẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ìyẹn ni pé àlejò ti dìde. Láti ìgbà náà, ó ti di amọ̀, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ gbà dí ọ̀nà rẹ̀. Ẹ bá mi ṣí i."

"Tí mo bá fi irin kàn án, orí rẹ̀ lè já lójú gbogbo èèyàn."

"Mo mọ̀," ni Mọ́mì Sulóṣánà wí.

Lọ́jọ́ kẹwàá, pápá kún dé etí. Wọ́n ń da ìyẹ̀fun pupa síra wọn lára, wọ́n ń jó, àwọn ọmọ Festac gun ara wọn léjìká kí wọ́n lè rí táńkì. Bọ̀dá Clement wà lẹ́yìn, ó ń ṣe bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Nígbà tí wọ́n gbàdúrà tán, àlùfáà fi ọwọ́ ti ère náà díẹ̀. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì rọra dà á dùbúlẹ̀ sórí aṣọ. Ọ̀gá mi sọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ẹni tó mọ ọ́n fẹ́ ṣí ọ̀nà fún un. Ariwo rọlẹ̀.

Dádì kúnlẹ̀ sí ìdí ère náà pẹ̀lú òòlù àti ṣísẹ́lì. Èmi ni mo di ibi èjìká ère mú. Dádì gbé ṣísẹ́lì lé ìdí rẹ̀, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. Ó lù ú. Kò sí nǹkan kan. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, mo sì gbọ́ kẹ̀, lábẹ́ ọwọ́ mi, níbi ọrùn. Mo wo Dádì. Òun náà gbọ́ ọ. Òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sórí wúrà ère. Mo rò pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kó fi í sílẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, símẹ́ńtì ìdí rẹ̀ sì ṣí bí ìdérí agolo, amọ̀ gbígbẹ hàn nínú rẹ̀. Orí ère ṣì wà lọ́rùn.

Wọ́n gbé e sínú táńkì. Omi bò ó mọ́lẹ̀. Mọ́mì Sulóṣánà jókòó síwájú táńkì, ó pa ọwọ́ pọ̀ sórí itan. Wọ́n kọrin. Wákàtí kan kọjá. Ère náà jókòó sínú omi, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Orin ń rẹlẹ̀. Obìnrin kan bi èkejì ní èdè wọn, àwọn méjèèjì sì wo Dádì. Ẹnìkan ní ẹ̀yìn wa sọ pé, "Ó dà bí pé òrìṣà yìí ò fẹ́ lọ o." Dádì di etí táńkì mú, mo sì rí i pé ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Gánéṣà.

Lẹ́yìn náà ni hóró afẹ́fẹ́ kan gòkè. Òmíràn tẹ̀ lé e. Omi ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi tíì oní-mílíìkì. Amọ̀ tó gbẹ, bó bá mu omi, á wú, ó sì ń wá àyè. Nǹkan kan dún pàù nínú táńkì. Láti ọwọ́jà títí dé àyà, ní ojú ibi tó sán gan-an, ibi tí Dádì fi ọjọ́ méjì bò mọ́lẹ̀ nínú bákónì tó tì, ère náà là. Amọ̀ inú rẹ̀ tú jáde sínú omi.

Gbogbo pápá hó. Mọ́mì Sulóṣánà kò hó. Ó sunkún bí ọmọdé, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sì bo ojú. Nígbà tí omi di ẹrẹ̀ tán, ó na ọwọ́ sínú táńkì, ó bu ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ kan, ó gbé e mọ́ àyà lórí aṣọ sárì funfun tó wé mọ́ra. Ó tún bu ọ̀kan, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Dádì.

Símẹ́ńtì náà ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ táńkì bí èèpo ẹyin ńlá tó fọ́. Ọ̀gá mi béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. "Tèmi nìyẹn," ni Dádì wí. Ó ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpò, etí kan, adé, ìlàjì ẹ̀rín, ó sì gbé e sínú búùtù mọ́tò mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n fi mọ́tò gbé òun lọ sí Ìpẹ́rù. Òòlù àti ṣísẹ́lì wà lórí itan rẹ̀ títí a fi débẹ̀. Lọ́nà, mo dúró ní etí títì, mo ra igi òdòdó kékeré mẹ́rin tí wọ́n gbìn sínú ike. Ó wò wọ́n, kò bi mí léèrè.

Ó kọ́kọ́ gbé kìnnìún kékeré yẹn kúrò ní ibi orí. Ó kúnlẹ̀ sórí táìlì, ó gbé ṣísẹ́lì lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ú. Kọnkéré yẹn le, òun ló ṣe é. Ó ti ń lu ú fún bí wákàtí kan kí ihò kan tó ṣí, kí ilẹ̀ pupa tó hàn. Ojú ọ̀run ti dúdú láti ẹ̀yìn, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ sì bọ́ sí mi lápá. Mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká wọlé, òjò ti dé."

Kò gbé orí sókè. "Jẹ́ kó rọ̀," ó ní, ó sì tún gbé òòlù sókè.